ỌKỌ̀ ÀTIJỌ́, OHUN ÀTIJỌ́: ÌRÌN ÀJÒ LÁTI AGBÁBÙ DÉ YÀRÀ ṢÙǸGBỌ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n nǹkan kẹta wà tí ọmọdé lè bá nílẹ̀, tí ó dàgbà ju ìtàn àti àrọ́bá lọ. Nǹkan náà ni ohun tí àwọn ará ìgbàanì fi ọwọ́ ara wọn ṣe: ihò àpáta tí wọ́n dáná sí, òkúta tí wọ́n gbé nàró, yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká. Ìwọ̀nyí kò ní ẹnu tí wọn yóò fi rojọ́, síbẹ̀ ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò wọ́n yóò rí ohun tí a kò kọ sínú ìwé tí a fún un kà ní iléèwé.

Ìdí nìyí tí a fi ń pe ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, pẹ̀lú bàbá àti ìyá yín, sí ìrìn àjò kan lójú ìwé yìí. Ọkọ̀ àtijọ́ ni a ó wọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa kó ara wọn jọ lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́, wọn a sì wa ọkọ̀ wọn lọ wo àwọn òkúta ìgbàanì bí Stonehenge, tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láti nǹkan bí 5000 ọdún sẹ́yìn. Àwa náà kò ṣaláìní ọkọ̀ àtijọ́. Ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ọdún náà gan-an ni a sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen, èyí tí a ń pè ní Ìjàpá, pọ̀ ní Èkó. Mélòó nínú àwọn bàbá wa, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́, oníṣòwò tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, ni kò ní ìtàn kan láti sọ nípa Peugeot 504 tàbí Ìjàpá? Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà ṣì wà lẹ́yìnkùlé, tí adìyẹ ń yé ẹyin sí abẹ́ wọn.

Ọkọ̀ àtijọ́ yẹ fún irú ìrìn yìí, nítorí kì í sáré. Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ yóò rí òkè, yóò rí odò, yóò sì ka orúkọ ìlú tí ó ń kọjá. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá sì gbóná, yóò dúró, yóò bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ibi tí ìtàn ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

AGBÁBÙ, NÍBI TÍ Ọ̀DÀ TI Ń JÁDE LÁTINÚ ILẸ̀

Agbábù ni a ó ti gbéra. Ìlú kékeré ni, létí Odò Olúwa, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tí ó bá dé Ọ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ sí Benin ni yóò yà sí apá gúúsù kí ó tó débẹ̀. Ọ̀rẹ̀ yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, tí àwọn ènìyàn wa fi ń sọ títí di òní pé, ‘Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀.’

Ohun tí ó sọ Agbábù di olókìkí kì í ṣe ogun. Ọ̀dà ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní bítúmẹ́ẹ̀nì. Bí oòrùn bá mú, nǹkan dúdú yìí a rọ̀, a máa fà bí oyin lórí ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tutù, a tún le. Epo rọ̀bì ni tẹ́lẹ̀. Ó gòkè wá láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ sínú yanrìn, èyí tí ó fúyẹ́ nínú rẹ̀ fẹ́ lọ, àwọn kòkòrò tín-íntìn-ìntín inú ilẹ̀ jẹ nínú èyí tí ó kù, ó wá ku èyí tí ó ki. Ilẹ̀ ọlọ́dà yìí gùn tó nǹkan bí 120 kìlómítà, ó gba ilẹ̀ Èkó, Ògùn, Oǹdó àti Edo kọjá. A ti wà kí àwa ènìyàn tó dé ni ọ̀dà yìí. Kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é.

Aráyé ti mọ ìwúlò ọ̀dà tipẹ́. Àwọn ará Bábílónì, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráàkì lónìí, fi irú rẹ̀ mọ bíríkì pọ̀, wọ́n sì fi dí ojú ibi tí omi lè gbà wọlé. Ní tiwa, àwọn òyìnbó kò tí ì pẹ́ dé tí wọ́n fi gbọ́ nípa rẹ̀. John Simeon Bergheim dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, ìjọba amúnisìn ṣe òfin nípa epo inú ilẹ̀ ní 1907, ilé-iṣẹ́ náà sì gbẹ́ kànga káàkiri agbègbè yìí. Ọ̀kan nínú àwọn kànga náà, tí a ń pè ní NBC-7, wà ní Agbábù. Ní 1912, Bergheim kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹni tí ó wá ọ̀dà wá, ọkọ̀ ni ó pa á. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914, iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró. Ó tó 1956 kí a tó rí epo tí ó pọ̀ tó títà ní Oloibiri, gbogbo ojú sì yí sí apá ibẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ rò ó wò. Táyà ọkọ̀ wa ń yí lórí ọ̀dà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti òkè òkun ni Nàìjíríà ti ń ra ọ̀dà tí ó fi ń ṣe títì, nígbà tí àgbẹ̀ Agbábù ń bá ọ̀dà pàdé nínú oko rẹ̀, tí kò rí ọ̀nà yẹra fún un. Ẹni tí ó wà létí odò tí ó ń fi itọ́ ṣan ọwọ́ ni àwa jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

IHÒ ELÉÉRÚ

Láti Ọ̀rẹ̀ a ó kọjú sí àríwá, a ó gba Oǹdó kọjá lọ sí Àkúrẹ́. Kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, kí dírẹ́bà wo omi inú rẹdíétọ̀, kí ó wo ọ́ìlì, kí ó sì yẹ bíréèkì wò. Bí a bá kọjá Àkúrẹ́, a ó forí lé apá Ìsàrun. Inú igbó tí ó wà ní agbègbè yìí ni àpáta kan ti tẹ orí ba bí òrùlé. Ihò Eléérú ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, ṣùgbọ́n inú ìwé àwọn òyìnbó ni a ti sọ ọ́ di Iwo Eleru.

Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ wa ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta tí a ti gbẹ́ di irinṣẹ́, wọ́n sì rí egungun ènìyàn kan. Àwọn awalẹ̀pìtàn fojú díwọ̀n rẹ̀ nígbà náà sí nǹkan bí 11,000 ọdún. Ní 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún agbárí náà yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé ó tó nǹkan bí 13,000 ọdún, àti pé ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn ènìyàn tí ó ti gbé ayé ṣáájú ìgbà náà fíìfíì. Ohun tí èyí kọ́ àwọn onímọ̀ ni pé ìtàn ènìyàn ní Áfíríkà kò rí bí okùn kan ṣoṣo tí ó lọ tààrà. Oríṣiríṣi ènìyàn ni ó ti jùmọ̀ gbé ilẹ̀ yìí pẹ́ títí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹni inú Ihò Eléérú ń yáná, a kò tí ì kọ́ òkìtì òkúta kankan ní Íjíbítì, Stonehenge kò sí, Bábílónì kò sí. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa yìí ni ó wà. Mélòó nínú àwọn ọmọ iléèwé Àkúrẹ́ àti Ọ̀rẹ̀ ni ó ti gbọ́ orúkọ ihò yìí rí?

ÌGBÀ TÍ ÀPÁÀDÌ JẸ́ Ọ̀DÀ

Láti ibẹ̀ a ó gba Iléṣà dé Ilé-Ifẹ̀. Kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ yìí ni àwọn baba wa ti mọ bí a ti ń tẹ́ ọ̀nà. Ọdún 1906 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kó ẹrù àti èrò láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 àti 1400, wọ́n ti ń to àpáàdì, ìyẹn àfọ́kù ìkòkò, ní ìdúró gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sínú ilẹ̀. Wọ́n fi tẹ́ àgbàlá, wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà, ẹrẹ̀ kò sì lè dààmú wọn. Ìtàn ẹnu sọ pé Ọọ̀ni obìnrin kan, Lúwòó, ni ó pàṣẹ rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ẹrẹ̀. Títí di òní, bí òjò bá wọ́ ilẹ̀ tàbí bí a bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Ifẹ̀, àpáàdì wọ̀nyí a máa yọjú.

Ní Ifẹ̀ yìí náà ni Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn wà, òkúta líle tí ó ga ju mítà 5 lọ, tí a kan ìṣó irin mọ́ lára. Àwọn tí ó ṣe é mọ irin rọ, wọ́n mọ òkúta gbẹ́. Ṣùgbọ́n ní 1910, nígbà tí Leo Frobenius dé láti Jámánì, tí ó rí àwọn ère Ifẹ̀, kò gbà pé Yorùbá lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ará Atlantis ni, ìyẹn ilẹ̀ kan tí àwọn Gíríkì ìgbàanì ń pa àlọ́ nípa rẹ̀ pé ó rì sínú òkun. Ó kó nínú àwọn ère amọ̀ náà lọ, wọ́n sì wà ní Berlin di òní. Nígbà tí ó di 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Wúnmọníjẹ̀ kan àwọn orí idẹ abàmì tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ẹnu àwọn oníyèméjì wọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọmọ Ifẹ̀ ni ó ṣe wọ́n.

A fẹ́ kí ẹ mú ọ̀rọ̀ Frobenius yìí lọ́wọ́, nítorí a ó tún bá irú rẹ̀ pàdé ní Ìjẹ̀bú, ọwọ́ àwa fúnra wa ni yóò sì ti wá.

YÀRÀ ṢÙǸGBỌ́ ÀTI ORÚKỌ BÍLÍKÍSÙ

Láti Ifẹ̀ a ó gba Ìbàdàn dé Ìjẹ̀bú-Òde. Yíká ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni a gbẹ́ yàrà kan sí, tí a sì kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ di odi. Erédò Ṣùǹgbọ́ ni. Ó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ní àwọn ibòmíràn sì rèé, láti orí odi dé ìsàlẹ̀ yàrà tó mítà 20, ìyẹn ni pé bí a bá gbé ilé alájà mẹ́fà síbẹ̀, díẹ̀ ni yóò kù kí ó bò ó. Ọkọ́ àti agbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é, kò sí katakata nígbà náà. Peter Lloyd kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1959, Patrick Darling sì wọ inú igbó wọ̀n ọ́n ní àwọn ọdún 1990, tí òkìkí rẹ̀ fi kàn ká ayé ní 1999.

Ní Òkè-Ẹ̀rí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni sàréè kan wà tí àwọn ènìyàn ń pè ní ti Bílíkísù Ṣùǹgbọ́. Ọdọọdún ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí, àti àwọn onígbàgbọ́ pẹ̀lú, ń lọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ayaba Sabaꞌi tí ó lọ sọ́dọ̀ Ànábì Sùlàímọ́nù, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ni a sin síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Mùsùlùmí gbọ̀ngbọ̀n, a kò sì gbọdọ̀ gbójú fò ó.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú sùúrù. Lọ́nà kìíní, ìtàn ayaba náà wà nínú Súúrátù An-Naml, ṣùgbọ́n a kò dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn onítumọ̀ ni ó pè é ní Bílíkísù. Lọ́nà kejì, Sabaꞌi kì í ṣe ìlú tí ó sọnù. Ilẹ̀ Yemen ni ó wà, àwọn òkúta tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí lára sì wà níbẹ̀ di òní ní agbègbè Maꞌrib. Lọ́nà kẹta, ó tó nǹkan bí 3000 ọdún tí Ànábì Sùlàímọ́nù ti lo ayé. Darling fojú díwọ̀n Erédò sí nǹkan bí 1000 ọdún, àwọn awalẹ̀pìtàn tí ó ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ sì sún un súnmọ́ wa sí nǹkan bí 600 ọdún. Èyí ó wù kí a mú nínú méjèèjì, ó kéré tán, 2000 ọdún ni ó wà láàárín ayaba náà àti yàrà yìí. Ẹni tí ó ti kú láti 2000 ọdún kò lè pàṣẹ kí a gbẹ́ yàrà.

Ta wá ni Ṣùǹgbọ́? Àrọ́bá Ìjẹ̀bú kò ṣàìsọ ọ́. Wọ́n ní obìnrin opó ọlọ́rọ̀ kan ni, tí kò bímọ, tí ó ní kí a gbẹ́ yàrà náà kí orúkọ òun má baà parun. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni. Bí a bá wá fi agídí sọ pé ayaba láti Yemen ni ó ni iṣẹ́ náà, kí ni ìyàtọ̀ àwa àti Frobenius? Òun gba iṣẹ́ Ifẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Ifẹ̀, ó gbé e fún Atlantis. Àwa gba iṣẹ́ Ìjẹ̀bú lọ́wọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, a gbé e fún Sabaꞌi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó la òógùn lórí yàrà náà, tí kò sí orúkọ wọn nínú ìwé kankan, ni a rẹ́ jẹ. Ẹ̀sìn wa kò sì ní kí a fi irọ́ gbé òun ga.

WÍWÒ YÀTỌ̀ SÍ SÍSÌN

Oríṣi ọ̀dọ́ méjì ni a ń bá pàdé. Ọ̀kan kì í fẹ́ súnmọ́ Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn tàbí Erédò rárá, ó ní ilé òrìṣà ni. Ìkejì ń lọ sí Òkè-Ẹ̀rí, ṣùgbọ́n àìní rẹ̀ ni ó ń kó lọ síbẹ̀, tí ó ń bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ òkú. Àwọn méjèèjì ni ó pàdánù. Ẹni kìíní sá fún ìmọ̀, ẹni kejì fi ìmọ̀ sílẹ̀, ó sì ṣi ọ̀dọ̀ tí à ń gbé ẹ̀bẹ̀ lọ. Nínú Al-Qurꞌān Alápọ̀nlé, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti pe ènìyàn pé kí ó rìn lórí ilẹ̀, kí ó wo bí ìgbẹ̀yìn àwọn tí ó ṣáájú ti rí. Wíwò ni a ní kí a wò, kí a sì ronú. Ọlọ́hun nìkan ni à ń sìn.

Ìyànjú wa fún àwọn ìdílé ni èyí. Ẹ yan ọ̀kan nínú àwọn ibi wọ̀nyí lásìkò ìsinmi iléèwé, kí ẹ má gbìyànjú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rìn lójú mọmọ, nítorí ọ̀nà wa kò fi gbogbo ìgbà ní àlàáfíà mọ́, kí ẹ sì kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà ti rí lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò. Ẹ lọ kí baálẹ̀ tàbí ọba, kí ẹ gba ẹni tí yóò mú yín débẹ̀. Ẹ má ṣe mú àpáàdì, òkúta tàbí egungun kankan wálé, bí ó ti wù kí ó kéré tó, nítorí ohun tí a bá ṣí nípò ti dákẹ́ nìyẹn, awalẹ̀pìtàn kò lè gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ẹ mú ìwé àti gègé dání. Ẹ kọ ohun tí àwọn àgbà ibẹ̀ bá sọ, kí ẹ kọ orúkọ ibi náà bí àwọn onílẹ̀ ti ń pè é, kí Ihò Eléérú má tún di ohun mìíràn lọ́wọ́ àlejò.

A ní láti yára. Títì ti la Erédò já ní ibi púpọ̀, oko àti ilé sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Láti 1995 ni Nàìjíríà ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú àwọn ohun tí ó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún aráyé, ṣùgbọ́n orúkọ nínú ìwé kò dí katakata lọ́wọ́. Àwọn ará ìlú tí ó mọ ohun tí ó wà lẹ́yìnkùlé wọn ni ó lè dí i lọ́wọ́.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀nà márosẹ̀ yóò dá wa padà sí Ọ̀rẹ̀, yíyípo wa yóò sì pé. Ọkọ̀ Peugeot tí ó lé ní 40 ọdún ṣì ń rìn nítorí pé ẹnìkan ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, ẹnìkan ń bu omi sí i, ẹnìkan kò jẹ́ kí ìpẹtà jẹ abẹ́ rẹ̀. Ihò, òkúta àti yàrà tí a ti sọ̀rọ̀ wọn yìí kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ wa. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a mọ rírì ohun tí Ó fi sí abẹ́ ẹsẹ̀ wa, kí Ó sì fún wa ní ọgbọ́n láti ya òtítọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó kàn dùn létí. Àmín.